Àgbàrá Òjò àti Àwọn Ọlọ́kadà Wa

Àwọn àgbà ní àgbàrá òjò kò wí pé òun kò ní í wólé, onílé ni kò ní í gbà fún un. Òwe yìí ti pẹ́ lẹ́nu wa, a sì ń pa á láti fi kìlọ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ sùn lé ọ̀ràn ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá wo bí òjò ti ń ṣe ní àwọn ìlú wa ní ìsinsìnyí, tí a sì wo bí àwa tí a jẹ́ onílé ti ń ṣe, a ó rí i pé ọ̀rọ̀ ti yí padà. Àgbàrá ń wá lọ́dọọdún, ó ń fi oṣù tí yóò dé hàn wá kí ó tó dé, onílé sì jókòó, ó káwọ́ gbera, bí ẹni tí ó ti gbà fún un.

Lónìí, a fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa àwọn ènìyàn kan tí ìyà òjò ń jẹ ju ọ̀pọ̀lọpọ̀ lọ, tí a kì í sì í sábà dárúkọ wọn àfi nígbà tí a bá fẹ́ bú wọn. Àwọn náà ni àwọn tí ń gun alùpùpù: ọlọ́kadà tí ń fi í gbé èrò, olùkọ́ tí ń gùn ún lọ sí ilé ẹ̀kọ́ abúlé, nọ́ọ̀sì tí ń gùn ún lọ sí ibi iṣẹ́ òru, àti àgbẹ̀ tí ń fi í kó iṣu àti ẹ̀gẹ́ wá sí ọjà. Ẹni tí ó wà nínú ọkọ̀ lè yí gíláàsì sókè nígbà tí òjò bá dé. Ẹni tí ń fi ẹsẹ̀ rìn lè yà sí abẹ́ òrùlé onílé. Ẹni tí ó wà lórí alùpùpù kò ní gíláàsì, kò ní òrùlé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì péré ni ó ní láti fi gbé ara rẹ̀, ẹ̀rọ rẹ̀ àti ẹni tí ó jókòó lẹ́yìn rẹ̀ dúró nínú omi.

Ẹ jẹ́ kí a wo òwúrọ̀ ọjọ́ òjò kan bí a ti máa ń rí i ní Ìbàdàn, ní Abẹ́òkúta, tàbí ní ẹ̀bá Èkó. Òjò ti ń rọ̀ láti ọ̀gànjọ́. Ọlọ́kadà jí, ó sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀ láti orí ẹní, ó sì bá omi nínú yàrá, ó ti dé ọrùn ẹsẹ̀. Lẹ́yìn àwọn ọmọ, ohun èkínní tí ó gbé sókè kì í ṣe aṣọ, kì í sì í ṣe àga. Alùpùpù rẹ̀ ni, nítorí inú rẹ̀ ni oúnjẹ ilé ti ń wá. Òun àti ìyàwó rẹ̀ yóò gbé e lé orí búlọ́ọ̀kù ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọn yóò fi ọ̀rá di ẹnu ihò tí èéfín ń gbà jáde, wọn yóò sì dúró tì í títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Bí òjò bá sì dá díẹ̀, ẹni tí kò sùn láti òru yóò wọ bàtà rọ́bà, yóò jáde lọ wá owó. Lójú ọ̀nà, títì àti gọ́tà ti di omi kan ṣoṣo. Kò sí ẹni tí ó lè mọ ibi tí ọ̀kan parí sí tí èkejì gbé bẹ̀rẹ̀. Ìrántí ni ọkùnrin náà fi ń wa alùpùpù rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé pákó tí ó bo gọ́tà ní àná ni omi ti gbé lọ ní òru, ìrántí kò ní í gbà á.

Kì í ṣe ìfẹ́ eré ni ó sọ àwọn ènìyàn wa di ọlọ́kadà. Nígbà tí ọrọ̀ ajé Nàìjíríà dojú rú ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀lé 1980, tí ìjọba sì gbé ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí a mọ̀ sí SAP kalẹ̀ ní ọdún 1986, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ni iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn, ọkọ̀ sì wọ́n kọjá ohun tí apá mẹ̀kúnnù ká. Bẹ́ẹ̀ ni alùpùpù ṣe di ohun ìgbérò. Àwọn ènìyàn mú orúkọ Okada Air, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú tí Olóyè Gabriel Igbinedion dá sílẹ̀, wọ́n fi sọ ọ́, ìyẹn sì jẹ́ àpárá nígbà náà. Lónìí kò sí ẹni tí ó tún ń rẹ́rìn-ín sí i mọ́. Àdúgbò púpọ̀ ni ó wà tí bọ́ọ̀sì kò dé, tí tasín kò jẹ́ dé, tí ó jẹ́ pé lórí ọ̀kadà ni a ń gbé aláboyún tí ọmọ ń mú lọ sí ilé ìwòsàn ní ọ̀gànjọ́ òru, yálà òjò ń rọ̀ tàbí òjò kò rọ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe òní ni àgbàrá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wa lọ́gbọ́n. Àwọn ará Ìbàdàn kò lè gbàgbé ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, nígbà tí odò Ògùnpa kún àkúnya, tí ó wó ilé, tí ó gbé ọkọ̀, tí ó sì pa ènìyàn tí ó ju igba lọ. Odò yìí kan náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1960, ní ọdún 1963, àti ní ọdún 1978. Nígbà tí ó di ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, òjò ìrọ̀lẹ́ kan péré rọ̀ sí ìlú náà, ó pa ènìyàn tí ó ju ọgọ́rùn-ún lọ, ó gbé afárá Àpẹ̀tẹ̀ lọ, kò sì yọ Yunifásítì Ìbàdàn pàápàá sílẹ̀. Ní ọdún 2014, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí 200 mílíọ̀nù dọ́là gẹ́gẹ́ bí owó yíyá, kí a lè fi tún afárá ṣe, kí a fẹ ojú odò, kí a sì mú adágún omi Ẹlẹ́yẹlé le sí i. Iṣẹ́ tí a fi owó náà ṣe wúlò, a kò ní í fi ojú tín-ínrín rẹ̀. Ṣùgbọ́n odò ńlá ni a ń tún ṣe. Gọ́tà kékeré tí ń kó omi ojúlé sí ojúlé lọ sí odò náà ńkọ́? Ibẹ̀ ni alùpùpù ń gbà kọjá. Ibẹ̀ sì ni kò sí ẹni tí ń wò.

A kò gbọ́dọ̀ rò pé ti Ìbàdàn nìkan ni. Ní ọdún 2022, ẹ̀kún omi jà káàkiri Nàìjíríà, ènìyàn tí ó ju 600 lọ ni ó kú, èyí tí ó tó mílíọ̀nù kan àti ọ̀kẹ́ ogún ni ó sì di aláìnílé lórí. Ní ìhà tiwa níhìn-ín, bí odò Ògùn bá kún, tí a sì ṣí omi adágún Ọ̀yán sílẹ̀, àwọn ará Ìṣẹrí, Ajégúnlẹ̀ àti Kétu ní ààlà Ìpínlẹ̀ Ògùn àti Èkó a máa fi ọkọ̀ ojú omi wọ ilé tí wọ́n fi ẹsẹ̀ jáde nínú rẹ̀. Lọ́dọọdún ni àjọ tí ń wo ojú ọ̀run àti àjọ tí ń wo omi odò ní Àbújá ń kéde ibi tí omi yóò ti yalé. A kì í ṣe aláìgbọ́. A gbọ́, a kò ṣe nǹkan kan ni.

Àwọn kan yóò wí pé ọlọ́kadà fúnra rẹ̀ ni aláìgbọ́n. Wọn yóò ní, bí ènìyàn bá rí omi, èé ṣe tí kò dúró? Ìbéèrè tí ó tọ́ ni, ó sì yẹ kí a fi òótọ́ dáhùn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọlọ́kadà ni kì í ṣe òun ni ó ni alùpùpù tí ó ń gùn. Ó gbà á lọ́wọ́ olówó kan, ó sì ń san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, lójoojúmọ́ tàbí lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, títí yóò fi di tirẹ̀. Ẹlòmíràn a máa kó iye kan fún ẹni tí ó ni í ní alaalẹ́ kí ó tó mú ohun tí ó kù lọ sí ilé. Owó yìí kò mọ òjò, kò mọ ẹ̀ẹ̀rùn. Bí kò bá san án ní ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, wọ́n lè gba alùpùpù náà lọ́wọ́ rẹ̀, kí gbogbo ohun tí ó ti san sì di òfo. Bí ọkùnrin náà bá dúró ní ẹnu omi, kì í ṣe omi nìkan ni ó ń wò. Gbèsè alẹ́ ọjọ́ náà ni ó ń wò pẹ̀lú. Èrò tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì ń wí pé kí ó máa lọ, nítorí pé òun yóò pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Nítorí náà ni ó ṣe ń wọ inú omi. Ẹ jẹ́ kí a pe ohun tí ó jẹ́ ní orúkọ tí ó jẹ́: àìní ni ó ń tì í wọ omi, kì í ṣe àìgbọ́n.

Síbẹ̀, omi kò mọ aláìní yàtọ̀. Àwọn tí ó mọ̀ nípa ọ̀ràn yìí fi yé wa pé omi tí ń ṣàn kíkan kíkan, bí kò tilẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 15 lọ, lè gbá àgbàlagbà ṣubú. Èyí tí ó bá sì tó sẹ̀ǹtímítà 30 lè gbé ọkọ̀ kékeré kúrò lórí ilẹ̀. Kí ẹ̀yin olùkọ́ mú rúlà tí ó wà lórí tábìlì yín, kí ẹ nà án dúró. Gbogbo gíga rẹ̀ ni ó ń gbé ọkọ̀. Ìdajì rẹ̀ ni ó ń gbá ènìyàn ṣubú. Ìwọ̀n tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ ni a fi ń pàdánù ẹ̀mí tí a kò lè rà.

A fẹ́ bá ẹ̀yin ọlọ́kadà fúnra yín sọ̀rọ̀, bí ọmọ ìyá sí ọmọ ìyá. Òjò tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ bẹ̀rù jùlọ lórí títì ọ̀dà, nítorí pé òun ni ó ń da ọ́ìlì àti eruku ilẹ̀ pọ̀ tí ó fi ń yọ̀ bí ilá. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ó fọ ọ̀nà. Agboòrùn ńlá tí ẹ so mọ́ iwájú alùpùpù dára nínú oòrùn, ṣùgbọ́n ìgbòkun ni ó ń dà nígbà tí afẹ́fẹ́ òjò bá dé. Ẹ ká a. Ẹ má ṣe gbé èrò méjì la omi kọjá. Bí ẹ kò bá rí ilẹ̀ tí ẹ fẹ́ tẹ̀, ẹ sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ fi ọ̀pá wọn ọ́n. Bí ẹ bá rí wáyà iná tí ó já sínú omi, ẹ padà sẹ́yìn pátápátá, kí ẹ sì dá ẹlòmíràn dúró. Bíréèkì tí ó ti mu omi kì í mú bí ti tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá jáde nínú omi, ẹ rọra máa tẹ̀ ẹ́ bí ẹ ti ń lọ ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ títí yóò fi gbẹ.

Bí alùpùpù bá sì kú sínú omi, tàbí tí omi bò ó mọ́lẹ̀ nílé, ẹ má ṣe sáré gbá a. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ti ń fi ọwọ́ ara wọn ba ẹ̀rọ wọn jẹ́. A lè tẹ afẹ́fẹ́ kí ó súnkì, ṣùgbọ́n a kò lè tẹ omi bẹ́ẹ̀. Bí omi bá wà lórí písítìnì, tí a sì ń fi agbára gbá ẹ́ńjìnnì, irin tí ó gbé písítìnì lè tẹ̀, owó tí a ó fi tún un ṣe a sì ju owó ọ̀sẹ̀ púpọ̀ lọ. Kí a kọ́kọ́ tú pọ́lọ́ọ̀gì, kí a gbá a díẹ̀díẹ̀ kí omi lè tú jáde láti ojú ihò rẹ̀. Kí a tú ọ́ìlì wò: bí ó bá ti funfun bí tíì tí a bu mílíìkì sí, omi ti wọ inú rẹ̀, kí a dà á nù, kí a sì rọ òmíràn. Omi wúwo ju bẹntiróòlù lọ, ìsàlẹ̀ táǹkì ni ó máa ń wà. Nítorí náà kí a tú epo tí ó wà ní ìsàlẹ̀ táǹkì àti ti inú kábúrétọ̀ dànù. Lẹ́yìn náà kí a nu ṣéènì, kí a sì fi ọ́ìlì sí i kí ó má bàa dípẹtà. Wákàtí kan tí a fi ṣe èyí yóò dín ìnáwó oṣù kan kù.

Àwọn kan sì wà tí wọ́n gbà pé òògùn ọ̀ràn yìí kò ju kí a lé ọ̀kadà kúrò ní ìlú lọ. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti gbìyànjú rẹ̀ léraléra: òfin ọdún 2012 lé wọn kúrò lójú ọ̀pọ̀ ọ̀nà ńlá, òfin mìíràn tẹ̀lé e ní oṣù kejì ọdún 2020, láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 2022 ni a sì ti kọ̀ ọ́ pátápátá ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà. A kò sẹ́ pé ìdí wà fún un. Jàǹbá ọ̀kadà pọ̀, àwọn kan nínú wọn ń mu ọtí kí wọ́n tó gun ẹ̀rọ, àwọn ọ̀daràn sì ti fi í sá lọ lẹ́yìn iṣẹ́ ibi. Ṣùgbọ́n kí a bi ara wa léèrè: nígbà tí a lé ọ̀kadà lọ, ǹjẹ́ omi bá wọn lọ? Ẹni tí ó sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà ti di ẹni tí ń fi ẹsẹ̀ rìn, gọ́tà tí ì bá gbé ọ̀kadà mì sì wà níbẹ̀ tí ó ń dúró dè é. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ kí a máa pa làpálàpá.

Ẹ jẹ́ kí a rántí ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2009, nígbà tí Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó bẹ̀rẹ̀ sí í fi agbára mú òfin àṣíborí ṣẹ. Òfin rere ni, ẹ̀mí ni ó fẹ́ gbà là. Ṣùgbọ́n àṣíborí wọ́n, ọjọ́ sì kù sí dẹ̀dẹ̀. Àwọn ọlọ́kadà kan dé igbá sórí, àwọn mìíràn dé ìkòkò, gbogbo ayé sì fi wá ṣe ẹ̀rín. Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú rẹ̀ ni pé òfin tí kò bá ro ti àpò mẹ̀kúnnù, igbá ni mẹ̀kúnnù yóò dé sórí láti fi dá a lóhùn.

Ta wá ni ọ̀ràn yìí já lé léjìká? Ìwé òfin ilẹ̀ wa kò pa á mọ́ fún wa. Nínú Àfikún Kẹrin ìwé òfin ọdún 1999, a kọ ọ́ kedere pé iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni láti ṣe ọ̀nà, iná ojú pópó àti gọ́tà, kí ó sì máa tọ́jú wọn, àti láti kó ilẹ̀ kúrò ní ìlú. Fún ọdún púpọ̀ ni àwọn alága ìjọba ìbílẹ̀ fi ń wí pé àwọn kò rí owó gbà, pé gómìnà ni ó di í mọ́wọ́. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá ẹjọ́ pé owó tí ó tọ́ sí ìjọba ìbílẹ̀ gbọ́dọ̀ máa lọ sí ọwọ́ wọn tààrà. Àwáwí àtijọ́ ti kú nìyẹn. Bí owó náà kò bá ì dé ọwọ́ wọn títí di òní, kí àwọn alága jáde kí wọ́n sọ ẹni tí ó dè é lọ́nà. Bí ó bá sì ti dé, kí wọ́n fi gọ́tà hàn wá.

Yàtọ̀ sí èyí, ọlọ́kadà ń san owó tirẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìlú wa, kò sí ọjọ́ tí ó jáde tí kì í ra tíkẹ́ẹ̀tì, bóyá ti ẹgbẹ́ tàbí ti ìjọba ìbílẹ̀, nígbà mìíràn méjèèjì. Ẹni tí ó ń san owó lójoojúmọ́ kí ó tó lè gba ojú ọ̀nà kọjá ní ẹ̀tọ́ láti béèrè pé kí ọ̀nà náà má ṣe gbé òun mì. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àánú. Ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ni.

Nítorí náà, ohun mẹ́rin ni a ń béèrè, kò sì sí èyí tí ó ju agbára ìjọba ìbílẹ̀ tí ó kéré jù lọ.

Èkínní, kí ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan fi oṣù ẹ̀ẹ̀rùn kó gọ́tà, kí ó sì fi pákó sìmẹ́ńtì bo gbogbo èyí tí ó wà lẹ́bàá ojú ọ̀nà tí ènìyàn ń gbà. Oṣù kejìlá sí oṣù kẹta ni àkókò rẹ̀. Ẹni tí ó bá dúró títí di oṣù kẹfà kí ó tó bẹ̀rẹ̀, òjò ni ó ń bá jà, kì í ṣe gọ́tà.

Èkejì, kí a ri òpó sí ẹ̀gbẹ́ gbogbo afárá kékeré àti gbogbo ibi tí omi ti máa ń dá dúró, kí a kùn ún ní ọ̀dà funfun àti pupa. Bí omi bá ti bo funfun, tí ó kan pupa, kí ẹnikẹ́ni má ṣe kọjá, ìbáà jẹ́ ọ̀kadà tàbí mọ́tò. Òpó náà kò nílò ìwé kíkà. Ọmọ kékeré lè rí i, àgbà sì lè rí i.

Ẹ̀kẹta, kí àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́kadà àti àwọn tí ó ni alùpùpù jókòó pọ̀, kí wọ́n sì fi ẹnu kò pé ọjọ́ tí omi bá kan pupa, ọjọ́ náà kò sí nínú ìṣirò gbèsè. Kí a sún un síwájú, kí a má gba alùpùpù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nítorí rẹ̀. Kí ẹgbẹ́ sì ya díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú owó tíkẹ́ẹ̀tì láti fi ran ọmọ ẹgbẹ́ tí omi ba ẹ̀rọ rẹ̀ jẹ́ lọ́wọ́. Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ẹni tí ó ni alùpùpù pàápàá yóò jèrè níbẹ̀, nítorí pé ọjọ́ kan tí a kò san owó sàn ju ẹ̀rọ tí ó bá omi lọ, tí ẹni tí ó gùn ún sì bá a lọ.

Ẹ̀kẹrin, kí a dá iyì wolé-wolé padà. Àwọn tí ó ti dàgbà nínú yín rántí bí wolé-wolé ti máa ń wọ àgbàlá pẹ̀lú ìwé àti ìwé ìkọ̀wé rẹ̀, tí olúkúlùkù sì ń sá káàkiri láti gbá ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. A máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà náà. Lónìí, ẹni tí ó kọ́ ilé sí ojú odò kò rí ẹni tí yóò bi í, ẹni tí ó sì da ọ̀rá àti ìdọ̀tí sínú àgbàrá nígbà tí òjò ń rọ̀ a máa wí pé omi yóò bá òun gbé e. Omi gbé e lóòótọ́, ó sì gbé e lọ di ẹnu gọ́tà ọmọnìkejì rẹ̀. Kí a má ṣe di gbogbo ẹ̀bi ru ìjọba. Ọwọ́ àwa náà wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́, a ní iṣẹ́ láti bẹ̀ yín. Àwọn ọmọ tí ń jókòó síwájú yín ni a ń kó ní méjì méjì, ní mẹ́ta mẹ́ta, sórí ọ̀kadà kan ní àárọ̀ àti ní ọ̀sán. Bí òjò bá ń rọ̀ ní àsìkò ìjáde ilé ẹ̀kọ́, ẹ má ṣe lu agogo tì wọ́n jáde. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dúró lábẹ́ òrùlé yín fún wákàtí kan. Bí ọmọ bá pẹ́ dé ní òwúrọ̀ òjò, ẹ má ṣe nà án, nítorí pé ìbẹ̀rù pàṣán ni ó ń mú un bẹ ọlọ́kadà pé kí ó la omi kọjá. Ẹ fi rúlà kọ́ wọn ní ìwọ̀n omi tí a sọ lókè yìí. Ọmọ tí ó bá mọ̀ ọ́n yóò lọ sọ fún bàbá rẹ̀, bàbá náà sì lè jẹ́ ọlọ́kadà.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, ẹ̀yin tí ẹ ń wọ aṣọ ẹgbẹ́, tí ẹ ń kọrin, tí ẹ sì ń jà fún olórí yín, ọ̀rọ̀ kan ni a ní fún yín. Eji kò mọ ẹni ọ̀wọ̀. Ẹni tí eji bá rí ni eji ń pa. Kò béèrè káàdì ẹgbẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kí ó tó wọ ilé rẹ̀. Nígbà tí àkókò ìbò bá dé, àwọn ọlọ́kadà ni ẹ máa ń kó jọ ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún láti gùn níwájú olùdíje yín, tí ẹ ó bu epo sí táǹkì wọn, tí ẹ ó so àsíá mọ́ wọn lọ́wọ́. Bí ìbò bá ti kọjá, ẹ kò mọ̀ wọ́n mọ́. Kí ó má rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Kí ẹni tí ó bá fẹ́ jẹ alága tàbí káńsẹ́lọ̀ kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn ní wọ́ọ̀dù rẹ̀ ní ọjọ́ òjò, kí ó sì ka iye gọ́tà tí ó ṣí sílẹ̀ fún yín. Ẹgbẹ́ tí ó bá bo gọ́tà wọ̀nyí ni kí ẹ yìn. Èyí tí kò bá bò wọ́n, kódà bí ó bá jẹ́ ti yín, ẹ sọ òótọ́ fún un, nítorí pé ọmọ ilé tí ó sọ òótọ́ ni ó fẹ́ràn ilé.

Òjò kì í ṣe ọ̀tá wa. Òun ni ó ń mú iṣu ta, tí ó ń mú àgbàdo yọ ọmọ, bí kò bá sì rọ̀ ní àkókò rẹ̀, àwa náà ni a ó tún kígbe. Ohun tí a kò lè fara mọ́ ni pé kí ọkùnrin kan jáde ní òwúrọ̀ lọ wá oúnjẹ ọmọ rẹ̀, kí gọ́tà tí ó yẹ kí a ti bò láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn sì dá a dúró sí ọ̀nà. Òjò tí ń bọ̀ ti mọ ọjọ́ tí òun yóò dé, àwa náà sì mọ̀ ọ́n. Kí ó má ṣe tún bá wa ní ibi tí ó fi wá sí ní ọdún tí ó kọjá.